Ààrò Ẹlẹ́nu Méjì

Tí o bá kúnlẹ̀ kí Bàbá Anglo, tí o wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ara wọn, ilé wọn, oorun wọn, wọn kì í jẹ́ kí o kí wọn parí. Wọ́n á ní, "Ó tó. Dìde, bá mi gbé igi yìí." Bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni nìyẹn. Àwọn ọmọ wọn ti fi aṣọ Kérésì gbé igi rí nínú ọgbà yẹn. Èmi náà gbé e títí tí èjìká mi fi mọ ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn ni wọ́n bí bàbá mi. Anglo Jos ni ilé wọn wà, ibẹ̀ ni àwa ọmọ-ọmọ ti rí orúkọ fún wọn. Àwọn aládùúgbò ní tiwọn ń pè wọ́n ní Malam Tukwane, ìyẹn tíṣà oníkòkò. Oṣù kẹta rèé tí a ti sin wọ́n. Gbogbo ẹbí ló sọ̀rọ̀ nípa wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lẹ́bàá ibojì, àwọn tí kò fojú kàn wọ́n fún ọdún mẹ́wàá ló tilẹ̀ sọ̀rọ̀ jù. Ohun tí èmi ní láti sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ.

Tíṣà ni wọ́n lóòótọ́. Wọ́n wà lára àwọn tí ìjọba rán wá sí Plateau láti Èkìtì lẹ́yìn òmìnira, àwòrán àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n amọ̀ ló wà lọ́kàn wọn. Ní ìlú wa, obìnrin ló ń mọ ìkòkò. Ìyá á kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọbìnrin náà á kọ́ tirẹ̀. Ìyá tó bí Bàbá Anglo bí ọkùnrin márùn-ún, wọn kò bí obìnrin kan. Nígbà tí ọwọ́ ń dun ìyá, Bàbá ló ń bá wọn po amọ̀ lẹ́yìn ilé níbi tí ojú ará àdúgbò kò tó, títí ọwọ́ Bàbá náà fi mọ iṣẹ́. Ìyá kì í yí ìkòkò. Wọ́n á gbé amọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ba, wọ́n á wá máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, ọwọ́ wọn lára rẹ̀. Bí Bàbá náà ṣe ń ṣe é ní Jos nìyẹn, àgbàlagbà ọkùnrin tó ń fi ẹ̀yìn rìn yípo nínú ọgbà ara rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Ẹ̀gbọ́n wọn kan wá kí wọn láti ilé nígbà tí bàbá mi ṣì kéré. Amọ̀ ti dé ìgbọ̀nwọ́ Bàbá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo, "Uṣẹ́ obìnrin!" Ó ní òun kò ní jẹun nínú ilé tí ọkùnrin ti ń mọ ìkòkò. Iyán tutù lórí tábìlì. Bàbá fọ ọwọ́ wọn, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ tiwọn, wọ́n tún fa ti ẹ̀gbọ́n wọn mọ́ra, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Mo yá a ni. Ọjọ́ tí obìnrin bá jáde nínú ilé mi, màá dá a padà fún un."

Ọkùnrin mẹ́rin ni Bàbá bí. Àwọn náà bí kìkì ọkùnrin, àfi bàbá mi tó bí èmi Dúpẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n àti iyán yẹn fún mi, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín tó wọn, nítorí mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ìkòkò òdòdó kan ló kó sí Bàbá lórí. Ọkùnrin ará Japan kan tó ń jẹ́ Tanigawa wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wọn ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún méjì. Amọ̀kòkò ni bàbá tó bí i lọ́hùn-ún, òun náà sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ó gbé ìkòkò kan tí bàbá rẹ̀ mọ wá nínú ẹrù rẹ̀. Kò ga púpọ̀, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí rọ̀gbọ̀dọ̀. Ara rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n kì í ṣe funfun abọ́ ọjà. Ó dà bí omi ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tòrò: ó nípọn níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, níbi tó sì ti fẹ́lẹ́, amọ̀ pupa ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, funfun náà ti ṣàn wálẹ̀, ó wá dúró kí ó tó dé ìdí.

Bàbá bi í pé ọ̀dà wo ni wọ́n kùn ún. Tanigawa ní kì í ṣe ọ̀dà, eérú ni. Wọ́n á sun pòròpórò ìrẹsì, wọ́n á po eérú rẹ̀ mọ́ òkúta funfun tí wọ́n lọ̀, wọ́n á fi ìkòkò bọ inú omi rẹ̀. Bí iná bá ti mú dáadáa, eérú náà á yọ́, á bo ìkòkò bí dígí, omi kò sì ní jò jáde mọ́ láéláé. Bàbá gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yí i wò. Gbogbo ìkòkò tí ìyá wọn mọ láyé ló ń làágùn. Wọ́n ní, "Eérú yẹn kan náà ni ìyá mi ń gbá dànù láràárọ̀."

Àwọn méjèèjì ló jọ kọ́ ààrò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò sẹ́yìn ilé, bíríkì pupa, ó ga dé àyà. Ẹnu méjì ni wọ́n fún un, ọ̀kan níhà ilé, ọ̀kan níhà ògiri ọgbà níbi tó há, kí ènìyàn méjì lè máa ki igi bọ̀ ọ́ lápá méjèèjì láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́. Bí apá kan bá tutù, funfun kò ní jáde. Bàbá dúró níhà ilé, Tanigawa níhà ògiri. Tí wọn kò bá sí nídìí iná, wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn. Tanigawa ní àgbá tó fi ẹsẹ̀ ń yí, tí amọ̀ ń yí lórí rẹ̀. Bàbá ń rìn yí amọ̀ tiwọn ká. Ọkùnrin náà á jókòó wò wọ́n, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá á ní, "Tìrẹ ń yí, èmi ń yí. Amọ̀ kò mọ ìyàtọ̀."

Wọn kò rí funfun náà. Pòròpórò ìrẹsì tí wọ́n lọ kó láti Shendam fún wọn ní àwọ̀ eérú lásán. Ti ọkà bàbà yọrí sí àwọ̀ ewé, ti àgbàdo yọrí sí àwọ̀ kòkó. Ọdún méjì pé, Tanigawa lọ. Ó fi ìkòkò bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lójú fèrèsé Bàbá, ó gbé ọ̀kan lára ti Bàbá lọ. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá sun ìkòkò, wọ́n á kọ lẹ́tà sí i láti sọ irú àwọ̀ tó jáde, òun náà á dáhùn. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà tí wọ́n kọ padà wá bá wọn bó ṣe rí, ìwé Japan ní ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè kà. Wọ́n fi í sáàárín Bíbélì. Wọ́n ní, "Ó lè jẹ́ pé ó kó kúrò nílé ni."

Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, ló gba ipò Tanigawa níhà ògiri, pẹ̀lú ìkùnsínú tí gbogbo Anglo Jos ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ìjà wọn gan-an, orí ìkòkò fèrèsé yẹn ló wà. Tanigawa ti kọ́ Bàbá pé òdòdó kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sínú irú rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Ṣé òdòdó ti tán ní Jos ni?" Wọ́n lọ sí ọjà Terminus, wọ́n ra òdòdó rọ́bà, pupa, yẹ́lò, aró, wọ́n ki gbogbo rẹ̀ bọ inú ìkòkò títí ọrùn rẹ̀ fi kún bámú. Bàbá yọ wọ́n, wọ́n fi òdòdó kan sí i. Ọjọ́ kejì, rọ́bà ti padà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é, kò sẹ́ni tó gbé ohùn sókè, kò sì sẹ́ni tó gbà.

Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, a rò pé ìjà ti parí. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá Bàbá ní ibi ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ òdòdó rọ́bà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi aṣọ nù ún. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tò padà, wọ́n sì dojú ọ̀kan tó ti ya kọ ògiri bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ gbé e kúrò. Bàbá ní, "Má fọwọ́ kàn án. Ìyá yín ló tò ó." Wọn kò tún fi òdòdó tútù sínú rẹ̀ mọ́ láyé wọn.

Bí ẹnu ààrò níhà ògiri ṣe di tèmi nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, mo sì máa ń lo gbogbo ọlidé lọ́dọ̀ wọn. Bàbá kọ́ mi bí a ṣe ń gbọ́ ohùn iná, àti ìgbà tí igi tinrin dára ju igi ńlá. Ọdún yẹn ni mo mọ ìkòkò òdòdó tèmi. Mo rìn yí i ká títí òòyì fi kọ́ mi. Ó wọ́ sápá kan bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Nítorí pé mo ti rí àmì tí bàbá Tanigawa tẹ̀ sí ìdí tirẹ̀, mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo fi ha orúkọ mi sí ìdí ìkòkò mi.

Mi ò rí Bàbá kí wọ́n bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní ìyá àwọn mọ ìkòkò títí eyín fi tán lẹ́nu, kò sí ọ̀kan tó gbé orúkọ. Wọ́n ní ẹni tó máa pọn omi ló ni ìkòkò, kì í ṣe ẹni tó mọ ọ́n. "Kí o pa á rẹ́ kí n tó sun ún," wọ́n ní, "mi ò fi iná mi sun orúkọ." Èmi náà sì jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn, ọlọ́kàn líle. Mo ní mi ò pa á rẹ́. Mo gbé e lé orí pákó ní tútù, láìsun, mo padà sílé wa ní Jenta Adamu, àdúgbò mìíràn ní Jos, pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n sun ìkòkò tó kù láìsí tèmi níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ tí Jos gbóná, tí àwọn èèyàn ń kẹ́rù. Àwọn ọmọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, sí Èkó, sí Adó, bàbá mi náà kó wa lọ sí Àbújá. Gbogbo ẹbí bẹ Bàbá kí wọ́n padà sílé ní Èkìtì. Wọ́n á gbọ́ títí tí a ó fi sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á wá béèrè ìbéèrè kan náà: "Ta ló máa gbé ààrò?" Ó wá ku Bàbá nìkan nínú ilé oníyàrá márùn-ún, pẹ̀lú ìkòkò kan tí òdòdó rọ́bà kún inú rẹ̀.

Mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù. Èkìtì wọn jinlẹ̀, Yorùbá tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di Hausa tán, síbẹ̀ a máa ń gbọ́ra wa yé. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa fóònù. Lẹ́yìn tí a bá ti dágbére, mo ṣì máa ń gbọ́ wọn, ṣálúbàtà wọn nílẹ̀, omi tí wọ́n ń bù, ìkòkò tí wọ́n ń bá wí pé kò dúró dáadáa. Nígbà mìíràn mo máa ń tẹ́tí títí owó á fi tán lórí fóònù mi. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ wà níwájú mi, èmi ni mo máa ń pa á.

Ìyá kan tí a ń pè ní Maman Nanret ni aládùúgbò wọn, ọmọ Plateau gidi. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń pa acha, hóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí, wọ́n á sì dáná sun pòròpórò rẹ̀ sẹ́bàá ògiri ọgbà, kí wọ́n lè fi eérú rẹ̀ se ọbẹ̀. Ogójì ọdún ó lé ni wọ́n fi ń sun ún níbẹ̀, Bàbá kò sì bojú wò ó. Lójú ará Èkìtì, oúnjẹ ẹyẹ ni acha. Ìrẹsì ni Tanigawa wí, ìrẹsì ni wọ́n ń wá kiri, títí dé ibi tí mọ́tò kò dé. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, wọ́n lọ kí Maman Nanret, wọ́n rí eérú náà nílẹ̀, ó funfun kinkin, ó sì rọ̀ bí ìyẹ̀fun. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ó sì fẹ́ di ẹkún: "Dúpẹ́, ẹ̀yìn ọgbà ló wà! Ẹ̀yìn ọgbà níbí!"

Wọ́n ní àwọn á sun ún ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n wá dúró nídìí ẹnu tèmi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọn kò sun ìkòkò, nítorí kò sí ẹni kejì. Èmi ni mo ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Àbújá. Mo sọ fún wọn pé ibi iṣẹ́ kò fún mi láyè.

Irọ́ ni. Mi ò tilẹ̀ bèèrè. Ó rẹ̀ mí, ọ̀nà jìn, mo sì rò pé Sátidé mìíràn ń bọ̀. Òótọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí funfun náà bá jáde, Bàbá á dá ohun tí wọ́n yá padà, kò sì sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè dá a padà fún. Bàbá ní, "Kò burú. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí, ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí wọ́n ń to igi. Èmi ni mo pa fóònù.

Maman Nanret ló ròyìn ìyókù fún mi. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń rí Bàbá tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ẹnu kan sí ẹnu kejì, igi lápá, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé. Wọ́n kí Bàbá kú iṣẹ́ láti orí ògiri, "Sannu da aiki, Malam," wọ́n sì ní àwọn á wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàbá ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, ọmọ òun obìnrin ló ni ẹnu kejì. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, Maman Nanret kò gbọ́ ẹsẹ̀ wọn mọ́. Wọ́n bá Bàbá níjòókòó níhà ilé, tí wọ́n fẹ̀yìn ti òkìtì igi tó ti fẹ́ tán, ọwọ́ wọn lórí orúnkún. Bàbá ti lọ.

Àwọn aládùúgbò sáré wọlé. Iná ń jáde lẹ́nu ààrò, èéfín bo ọgbà, wọ́n sì rò pé ilé fẹ́ jó mọ́ òkú Malam. Korobá omi bíi ogún ni wọ́n dà sí ẹnu tó wà níhà ilé. Gbogbo wọn ló gbọ́ ìkòkò tó ń fọ́ nínú, wọ́n ní bí ẹni ń yin bàǹgà Kérésì ló ń dún. Wọ́n ń dà á lọ títí tí kò fi dún mọ́. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, Maman Nanret dì mọ́ mi, wọ́n ń sunkún: "Na zata gida zai ƙone, Dupe. Ki yi haƙuri." Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, ilé ni àwọn rò pé ó fẹ́ jó; lójú wọn, wọ́n gba ilé sílẹ̀ ni. Mo wo ọwọ́ wọn tí korobá ti bó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní, "Kin kyauta, Mama." Oore ni wọ́n ṣe, mi ò lè sọ ìyókù fún wọn. Èmi ni kò sí nídìí iná.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ẹbí lọ. Ó ku èmi nìkan nínú ilé náà, mo sì wá mọ bí ó ṣe máa ń dákẹ́ tó. Mo lọ yọ bíríkì tí Bàbá fi dí ibi tí wọ́n ń gbà to ìkòkò sínú ààrò. Àfọ́kù ni mo ń kó, tí ẹrẹ̀ eérú ti lẹ̀ mọ́ wọn, dúdú, àwọ̀ eérú, èyí tó là sí ọgbọ̀n ọ̀nà. Mi ò lè mọ̀ bóyá acha jẹ́ tàbí kò jẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí mi ò ṣe sun ún lẹ́bàá ibojì. Ogójì ọdún wọn ló wà lórí itan mi, kò sì sí ẹni tó lè sọ bó ṣe yọrí sí.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹnu kejì. Níhà ògiri níbi tó há, kò sẹ́ni tó ráyè dé ibẹ̀ nínú èéfín, kò sì sẹ́ni tó da omi sí i. Mo nawọ́ wọlé títí dé èjìká. Abọ́ kékeré méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò fọ́. Ìkòkò òdòdó kan wà lẹ́yìn wọn. Kí n tó fà á jáde ni ọwọ́ mi ti mọ̀ pé ó wọ́ sápá kan.

Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Omi ògì tó ń tòrò. Amọ̀ pupa ń yọjú létí ẹnu rẹ̀, funfun náà sì ti ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró kí ó tó dé ìdí. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ lórí pákó ní tútù, amọ̀ tí ọmọdé lè fi ìka kan fọ́. Ẹ̀bá ẹnu tèmi ni wọ́n wá gbé e sí.

Ó pẹ́ kí n tó yí i dorí kodò. Amọ̀kòkò gbọ́dọ̀ nu eérú kúrò ní ìdí ìkòkò kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ààrò, Bàbá sì ti nù ún mọ́ tónítóní. DUPE wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo fi ha tèmi nígbà náà, ó fẹ́lẹ́, ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Èyí jinlẹ̀. Ẹnì kan ti fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kí eérú má baà dí i.

Mo kúnlẹ̀ síwájú ààrò pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. Mo kí Bàbá Anglo. Mo béèrè ara wọn, mo béèrè ilé, mo béèrè oorun wọn, mo béèrè Ìyá Àgbà àti Tanigawa, mo kí wọn títí mo fi kí wọn parí. Kò sẹ́ni tó ní ó tó. Nígbà tó yá, mo dìde fúnra mi, mo lọ gbé igi.